Ìkìlọ̀ Antivirus Tó Ń Já Lu Kọ̀ǹpútà Ilé: Èwo Ni Òótọ́, Èwo Ni Ti Gbájúẹ̀?

Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà nílé, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ ń bá yín lò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí. Ẹ ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́ yín, àfi gbàù, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n yòò. Ariwo ń dún. Ohùn obìnrin kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín, pé wọ́n ti ń jí password báǹkì yín, pé ẹ ò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà náà, pé kí ẹ tètè pe nọ́ńbà kan tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fẹ́ pa á dé, kò gbà. Ẹ wá ibi tí máọ̀sì wà, ẹ ò rí i.

Irọ́ gbuu ni. Mo fẹ́ fi ìyẹn lélẹ̀ ná kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun. Ohun tí ẹ ń wò yẹn, ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan ni, bíi ti ojú-ewé ìròyìn tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n fi ohùn sí i, wọ́n sì ní kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Títí ẹ ó fi ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe, agbára rẹ̀ kò kọjá ariwo. Ní àdúgbò wa ní Súrùlérè níbí, gbogbo owó tí mo mọ̀ pé ó bá irú nǹkan yìí lọ, lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ náà ti jáde tán ló lọ. Ẹnìkan pe nọ́ńbà, ẹnìkan fi káàdì ATM rẹ̀ sí i, ẹnìkan gbé laptop sáré lọ síbi tí wọ́n ti gbowó "format", ìyẹn pípa gbogbo inú kọ̀ǹpútà rẹ́, lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká jọ tú u palẹ̀ nìyẹn.

Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé Èkó ni mo wà?

Ìbéèrè yìí ló máa ń já àwọn èèyàn láyà jù. Ojú-ewé náà á ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Lagos, Nigeria. Á kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín. Á ní Windows lẹ̀ ń lò, Chrome lẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí i á ní, "Ó ti wọlé tán nìyẹn, àbí báwo ló ṣe mọ̀?"

Kọ̀ǹpútà yín ló sọ fún un. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí ojú-ewé èyíkéyìí, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì kan ránṣẹ́ kí èsì lè mọ ibi tó máa gbà padà. Àdírẹ́sì yẹn ni wọ́n ń pè ní IP. Láti ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè mọ ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní dátà, ó sì lè fojú díwọ̀n ìlú tí ẹ wà. Nígbà míì ó máa ń ṣì í: ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn, wọ́n á ní Èkó ló wà, torí pé Èkó ni dátà rẹ̀ gbà kọjá. Browser, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome, a sì máa dárúkọ ara rẹ̀ àti irú kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀, kí ojú-ewé lè mọ bó ṣe máa tò ó fún yín. Ojú-ewé ìròyìn tí ẹ kà láàárọ̀ mọ gbogbo èyí nípa yín pẹ̀lú. Kò kàn kọ ọ́ sí yín lójú ni.

Ohun tí ojú-ewé kò lè mọ̀ ni ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Àwọn tó ṣe browser mọ̀ọ́mọ̀ sé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àhámọ́ tirẹ̀. Kò lè ṣí fódà yín, kò lè ka fáìlì yín, kò lè yẹ dísìkì wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín mú fáìlì kan fún un. Ó dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu géètì yín tó ń pariwo pé ọbẹ̀ yín ti ń jóná, tí kò sì wọ ilé ìdáná yín rí.

Òótọ́ ni pé àṣìṣe a máa wà nínú browser fúnra rẹ̀ tí àwọn ọ̀daràn paraku lè gbà yọ́ wọlé. Nítorí rẹ̀ ni browser fi ń béèrè fún update lemọ́lemọ́, kò sì dára kí ẹ máa sún un síwájú torí pé dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tó bá rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa fi ohùn obìnrin kéde fún yín pé òun ti dé? Jẹ́jẹ́ ló máa wọlé, jẹ́jẹ́ ló máa ṣe ohun tó wá ṣe. Ariwo yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé wọn ò tíì rí nǹkan kan mú.

Ẹ sì wo "scan" tó ń ṣe lójú yín. Ìlà kan ń sáré, ó dé ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ fáìlì ń kọjá wìrìwìrì, ó ní òun ti rí fáírọ́ọ̀sì márùn-ún. Antivirus tòótọ́, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń wá fáírọ́ọ̀sì, bó bá fẹ́ yẹ gbogbo inú kọ̀ǹpútà wò, ó lè lò ju wákàtí kan lọ. Fídíò lásán lẹ̀ ń wò yẹn. Mo ti rí èyí tó ní òun ń yẹ "C: drive" wò lórí Mac, bẹ́ẹ̀ Mac kò ní ohun tó ń jẹ́ C: drive.

Bí ẹ ṣe máa pa á dé

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí máọ̀sì. Ẹ má tẹ "Cancel" tó wà nínú àpótí náà, ẹ má tẹ "X" tó wà lára rẹ̀, torí àwọn tó ṣe é ló yà á síbẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá tẹ̀ nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n fẹ́ ló máa gbé yín lọ. Orí kíbọ́ọ̀dù ni ẹ ti máa ṣe é.

Ìyá kan wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà tí wọ́n ń ta àńkárá ní Balógun, tí wọ́n máa ń fi laptop ọmọ wọn ṣírò ọjà lálẹ́. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ariwo náà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbà mí o! Wọ́n ti wọ báǹkì mi!"

"Ta ló wọ̀ ọ́, Mà?"

"Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Ó ní kí n má pa òun."

"Ẹ má tẹ nǹkan kan, Mà. Lápá òsì, lókè pátápátá lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ máa rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Esc sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má yọwọ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Hẹn-ẹn. Ó ti kéré o. Mo ti ń rí àwọn nǹkan òkè yẹn padà."

Àwọn nǹkan òkè tí wọ́n ń sọ ni orí browser, níbi tí àwọn táàbù wà. Ojú-ewé náà ti bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Nígbà tó yọ síta, wọ́n tẹ X tó wà lára táàbù fúnra rẹ̀, ariwo sì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n fi fóònù wọn wo báláǹsì kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò kúrò níbẹ̀.

Bí Esc kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú Alt àti F4 lẹ́ẹ̀kan náà. Bíyẹn náà bá kọ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager máa jáde. Ẹ wá orúkọ browser yín níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ "End task". Lórí Mac, Command, Option àti Esc ni ẹ máa tẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà "Force Quit". Bí gbogbo rẹ̀ bá sì sú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan laptop mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ pa á, àbí? Ẹ wo iye ìgbà tí NEPA ti mú iná lọ mọ́ kọ̀ǹpútà yín lórí, tó sì ń tàn padà. Iṣẹ́ tí ẹ ò tíì sévù nìkan lẹ lè pàdánù. Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ torí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ bá ti pa á, iṣẹ́ tiwọn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibì kan wà tí àwọn èèyàn ti máa ń tún kó sí i. Bí ẹ bá ṣí browser padà, ó lè bi yín bóyá kí òun dá àwọn ojú-ewé tó wà tẹ́lẹ̀ padà: "Restore pages?" Ẹ má gbà. Bí ẹ bá gbà, pupa yòò yẹn náà ló máa padà wá.

Èyí tó ń yọ jáde láti igun ìsàlẹ̀

Irú kejì kì í pariwo tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo rí pé ó ń dààmú ilé jù, torí pé kì í lọ. Ẹ lè máà tíì ṣí ojú-ewé kankan. Ẹ ń tẹ lẹ́tà nínú Word, àpótí kékeré kan yọ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀: "McAfee: fáírọ́ọ̀sì mẹ́ta ti wọlé, tẹ ibí." Ẹ pa á dé, òmíràn yọ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Ẹ fi antivirus yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó ní kò sí nǹkan kan, ọkàn yín kò sì balẹ̀.

Antivirus kò rí nǹkan kan torí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnìkan nínú ilé fẹ́ wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tàbí ó fẹ́ wa fíìmù tuntun sílẹ̀. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ojú-ewé náà ní kó tẹ "Allow" láti fi hàn pé èèyàn ni òun, pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀ rárá. "Allow" tó tẹ̀ yẹn, àṣẹ ló fún ojú-ewé náà láti máa fi notification ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà yín nígbàkígbà tó bá wù ú. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ń lò láti sọ fún yín pé ìròyìn tuntun dé. Ọ̀nà tó dára ni. Wọ́n gbà á lò nílòkulò ni. Browser sì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa á dé, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ nígbà tí ẹ ò wo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fara balẹ̀ wo àpótí náà dáadáa nígbà míì tó bá yọ. Nínú rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ẹ máa rí orúkọ sáìtì kan tí kò ní ìtumọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n dà pọ̀, àti orúkọ Google Chrome tàbí Edge. Antivirus tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín kò ní gba inú Chrome kọjá kó tó bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti rí orúkọ browser níbẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹ má tẹ àpótí náà. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì tótótó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Privacy and security, Site settings, Notifications. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n to orúkọ gbogbo sáìtì tí ẹ ti fún láṣẹ sí. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ tẹ tótótó mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ yan "Block" tàbí "Remove". Nínú Edge àti Firefox, ẹ ṣí Settings, ẹ kọ "notifications" sínú àpótí ìwákiri tó wà níbẹ̀, ó máa gbé yín débẹ̀. Ó tán. Fóònù Android náà ń ní irú àìsàn yìí nínú Chrome rẹ̀, ibì kan náà la sì ti ń wò ó.

Bó bá ṣì ń yọ lẹ́yìn èyí, ẹ wo Extensions, àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ browser. Èyí tí ẹ ò rántí pé ẹ fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n McAfee wà lórí laptop mi lóòótọ́ ńkọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. McAfee àti Norton, ilé-iṣẹ́ antivirus gidi ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló ń bá ọ̀kan nínú wọn wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, pẹ̀lú ìgbà díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìgbà náà bá pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rán yín létí pé kí ẹ sanwó, ìránnilétí yẹn sì jẹ́ òótọ́. Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí. Wọ́n ń ya àwòrán tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: ẹ ṣí Settings ti Windows, ẹ lọ sí Apps, lẹ́yìn náà Installed apps. Lórí Windows 10, Apps & features ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀, kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ohun tí kò sí kò sì lè parí. Bó bá wà níbẹ̀, tí ẹ ò sì fẹ́ sanwó rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà padà. Ẹ ò ní wà láìní ààbò, torí láti Windows 8, tó jáde ní 2012, ni Microsoft ti ń fi antivirus tirẹ̀, Defender, sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí òmíràn bá wà níbẹ̀, á fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ á gba iṣẹ́ padà. Fún kọ̀ǹpútà inú ilé, ó tó. Mi ò rí ìdí tí ìdílé kan ní Èkó fi gbọ́dọ̀ máa san dọ́là lọ́dọọdún fún òmíràn lórí rẹ̀.

Láti rí Defender, ẹ tẹ Start, ẹ kọ "Windows Security", kí ẹ ṣí "Virus & threat protection". Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà lóòótọ́, ibẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe nígbàkígbà tí ìkìlọ̀ bá dẹ́rù bà wọ́n nìyí: ẹ fi ìkìlọ̀ náà sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí Windows Security, kí ẹ wo ohun tí òun ní láti sọ. Microsoft sì ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ tó bá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Ẹ rí nọ́ńbà fóònù? Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ta ló ń jẹ nínú rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé. Nínú ọ̀nà kìíní, àwọn kan ń gba kọmíṣàn lórí gbogbo ẹni tó bá tipasẹ̀ wọn ra sọ́fítíwíà. Wọ́n á dẹ́rù bà yín, wọ́n á tì yín lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, nígbà míì ojúlówó antivirus lẹ máa rà níbẹ̀, kọmíṣàn wọn á sì dé. Nígbà míì ohun tí wọ́n ń tà fúnra rẹ̀ ni ayédèrú. Ní 2008, àjọ Federal Trade Commission ti Amẹ́ríkà gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ tí wọ́n fi irú scan irọ́ yìí ta WinFixer, XP Antivirus àti àwọn mìíràn fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2012 ilé ẹjọ́ dá ọ̀kan nínú wọn lẹ́bi owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 163. Àwọn tó ń lo Mac náà gba tiwọn ní 2011, nígbà tí ayédèrú antivirus kan tó ń jẹ́ Mac Defender jáde.

Ẹ má rò pé àwọn sáìtì burúkú nìkan ni ẹ ti lè pàdé rẹ̀. Ní 2009, ìpolówó kan tó jẹ́ ti irú àwọn èèyàn yìí yọ́ wọ sáìtì ìwé ìròyìn New York Times. Ìpolówó ni ọ̀nà wọn, ìpolówó sì wà níbi gbogbo. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ pàápàá ti ṣubú sínú ìwà yìí: ní 2019, Office Depot àti Support.com gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 35 lápapọ̀, torí "àyẹ̀wò" tí wọ́n ń ṣe fún kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà. Wọ́n á bi oníbàárà bóyá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí bóyá pop-up, ìyẹn àpótí tó ń já lu ojú kọ̀ǹpútà, ń yọ. Bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, àyẹ̀wò náà á ní òun rí àmì fáírọ́ọ̀sì, ohun yòówù kó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ní 2024 ni Restoro àti Reimage, tí ibùjókòó wọn wà ní Cyprus, gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 26, torí pop-up tó ń díbọ́n bíi ti Microsoft.

Ọ̀nà kejì ni nọ́ńbà fóònù, òun ló burú jù. Ẹni tó bá gbé e á bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á ní kí ẹ fi AnyDesk tàbí TeamViewer sórí kọ̀ǹpútà kí òun lè ràn yín lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì yìí, irinṣẹ́ gidi ni wọ́n, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fún un ní nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù yín nìyẹn. Ohun tó máa fi hàn yín ni Event Viewer, tí àmì pupa àti yẹ́lò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. "Ẹ rí i? Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo èyí." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ Windows ni, gbogbo kọ̀ǹpútà Windows láyé ló ní in, kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le koko náà ní àmì pupa níbẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ eventvwr, kí ẹ wo tiyín. Ẹni tó bá ti wò ó rí nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi dẹ́rù bà á mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa béèrè gift card, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ ṣí báǹkì yín lójú wọn.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ka èyí

Bó bá jẹ́ pé ẹ rí i lásán ni, tí ẹ sì pa á dé, kò sí nǹkan kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Bó bá gbé fáìlì kan sílẹ̀ nínú Downloads tí ẹ ò tíì ṣí, ẹ pa á rẹ́.

Bí ẹ bá ti fi ohun tó gbé wá sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ nínú Installed apps, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, kí ẹ yan Microsoft Defender Offline scan. Kọ̀ǹpútà á kú, á tan padà, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá wà níbẹ̀ má bàa rí ibi sápamọ́ sí. Ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ rí i pé iná wà tàbí pé bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti wọlé láti òkèèrè, ẹ já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹ pa Wi-Fi tàbí MiFi. Ẹ yọ AnyDesk tàbí ohun tí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ sì ṣe Offline scan yẹn náà. Ẹ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn pààrọ̀ password yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí email, torí ẹni tó bá ní email yín lè ti ibẹ̀ gba gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá ti fi káàdì sí i, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì náà tàbí kí ẹ lo app báǹkì láti dí i pa. Ẹ má dúró de àárọ̀. OTP tó bá wọ fóònù yín lásìkò yìí, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ní báǹkì ni òun ti ń pè. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n fi pè àti ẹ̀rí owó tó lọ. Òun lẹ máa kó lọ sí báǹkì àti sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tí wọ́n ní ẹ̀ka fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, NPF-NCCC. Òfin wà fún un láti 2015. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó máa pè yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé àwọn fẹ́ bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kàn san nǹkan díẹ̀ ṣáájú. Ó lè jẹ́ àwọn kan náà ni.

Ní ti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́ wọn dunjú, wọ́n sì máa ń sọ òótọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wọn bá ní òun ní láti "format" kọ̀ǹpútà yín kí pop-up tó lè lọ, ẹ bi í bóyá ó ti wo Notifications nínú browser. Bí kò bá tíì wò ó, ẹ gbé laptop yín. Bó bá sì ṣe Windows tuntun fún yín, ẹ bi í bóyá activator, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìsanwó rẹ̀, ló fi ṣí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn a máa ní kí wọ́n pa Defender kí àwọn tó ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì gidi, èyí tí kì í pariwo, ń wọlé. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 10 náà ní láti mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ìkìlọ̀ tó bá ti inú Windows Update wá lórí èyí kì í ṣe irọ́.

Ohun méjì ló kù tí mo máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ àti àwọn àgbà jọ ń lò. Mo máa ń fi uBlock Origin Lite sínú Chrome, tàbí uBlock Origin sínú Firefox, kí ìpolówó má bàa ráyè yọ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, nínú Notifications tí a lọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo máa ń yan pé kí sáìtì kankan má lè béèrè fún àṣẹ mọ́ rárá. Bí WhatsApp Web tàbí email bá wà tí ẹ fẹ́ kó ṣì máa pè yín, bọ́tìnnì "Add" wà lójú ewé kan náà. Ẹ kọ àdírẹ́sì wọn síbẹ̀, àwọn nìkan ló máa lè bá yín sọ̀rọ̀.